Irinṣẹ́ wo ni kí ẹ fi máa gbé sọ́fúwíà sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti ọ̀nà jíjìn?

Ìbéèrè kan náà ni mo ń gbà léraléra: “Kọ̀ǹpútà 44 la ní, ó ti sú mi láti máa gbé fíláàṣì kiri láti tábìlì dé tábìlì. Irinṣẹ́ wo ni kí n lò?” Ẹni tó béèrè ń retí orúkọ kan ṣoṣo. Ìbéèrè lèmi náà fi ń dá a lóhùn. Mélòó nínú wọn ló ń kúrò ní ọ́fíìsì? Ta ló ń lo Mac? Sọ́fúwíà tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀, ṣé ó lè wọlé láìbi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan? Inú wọn kì í dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìka tó tọ́ símú là ń fi í romú, mi ò sì tíì rí imú yín.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mi ò ní yan irinṣẹ́ kankan fún yín títí a ó fi dé Ìgbésẹ̀ 3. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ méjì àkọ́kọ́.

## Iṣẹ́ mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀kan

- Wíwo ojú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Òṣìṣẹ́ pè yín, fáìlì rẹ̀ kọ̀ kò ṣí, ẹ fẹ́ bá a wò ó. TeamViewer, AnyDesk, RustDesk, àti Quick Assist tó ti wà nínú Windows, iṣẹ́ wọn nìyẹn.
- Gbígbé sọ́fúwíà sórí kọ̀ǹpútà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ẹni tó jókòó síwájú wọn. PDQ Deploy, Munki àti Ansible wà níbí.
- Ìṣàkóso kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ètò ààbò, ìmúdójúìwọ̀n, títi kọ̀ǹpútà tó sọnù pa láti òkèèrè. Intune àti Jamf Pro ló ń ṣe èyí, wọ́n sì ń gbé sọ́fúwíà pẹ̀lú.

Èyí tí mo ń rí jù ni kí èèyàn sanwó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló nílò. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ ìwòran gbé sọ́fúwíà kan sórí kọ̀ǹpútà 44, ìgbà 44 lẹ máa wọlé, ìgbà 44 lẹ máa tẹ “Next”. Fíláàṣì náà nìyẹn, okùn rẹ̀ ló kàn gùn.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀

1. Ẹ kọ gbogbo kọ̀ǹpútà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń lò ó, ẹ̀dà Windows tàbí macOS tó wà lórí rẹ̀.
2. Ẹ ya Windows Home sọ́tọ̀ kúrò lára Pro àti Enterprise. Home kò lè wọ domain, ìyẹn ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí sáfà kan ń darí, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohunkóhun tó bá gbára lé Group Policy, ìlànà tí domain fi ń darí wọn.
3. Ẹ sàmì sí Windows 10 tó bá ṣì kù. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró.
4. Ẹ kọ ibi tí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń sùn. Ṣé ọ́fíìsì ni, àbí ó máa ń bá olówó rẹ̀ lọ sílé?
5. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní agbára admin lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìyẹn àṣẹ láti fi sọ́fúwíà sí i tàbí yọ ọ́ kúrò. Iye wọn máa ń ju èyí tí ọ̀gá rò lọ.

Ìlà kẹrin yẹn ló máa pinnu jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ má kọ ọ́ láti orí, ẹ lọ béèrè.

Ìkìlọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ sọ́fúwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ má lo `Win32_Product`, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dárúkọ fún yín. Bí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, Windows máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo sọ́fúwíà tí a fi MSI (irú fáìlì ìfisórí Windows kan) gbé síbẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lè máa tún èyí tí kò bàjẹ́ ṣe. Inú registry, ibi tí Windows ń tọ́jú ètò rẹ̀ sí, ni kí ẹ ti kà á, lábẹ́ `HKLM\SOFTWARE\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Uninstall`, kí ẹ sì wo ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lábẹ́ `WOW6432Node`, torí ibẹ̀ ni àwọn sọ́fúwíà 32-bit ń fara pamọ́ sí.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé sọ́fúwíà náà lè wọlé ní ìdákẹ́jẹ́?

Ibí ni iṣẹ́ gidi wà. Kò sí irinṣẹ́, bó ti wù kó wọ́n tó, tó lè gbé sọ́fúwíà tó ń dúró de ẹni tí yóò tẹ “Mo gbà”. Ní òru, kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ náà á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, irinṣẹ́ yín á sì kọ “ń lọ lọ́wọ́” síwájú yín.

Ẹ wo irú fáìlì tí ẹni tó ṣe sọ́fúwíà náà fún yín, kí ẹ sì dán àṣẹ tó bá a mu wò:

- MSI: `msiexec /i "oruko.msi" /qn /norestart`
- EXE tí a fi Inno Setup ṣe: `/VERYSILENT /SUPPRESSMSGBOXES /NORESTART`
- EXE tí a fi NSIS ṣe: `/S`. S ńlá ni o. Tí ẹ bá kọ s kékeré, fèrèsé á yọ sójú.
- Bí ẹ kò bá mọ irú tó jẹ́: ẹ kọ `setup.exe /?` kí ẹ wo ohun tó máa sọ.

Àwọn ilé sọ́fúwíà ńlá sábà máa ń ní ẹ̀dà tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́. Chrome àti Firefox ní MSI tiwọn, nítorí náà ẹ má fi èyí tí ará ilé ń gbà sílẹ̀ dá ara yín lóró.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹ̀rọ kan tí kò sí ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ṣe é báyìí:

1. Ẹ gba PsExec, tó wà lára Sysinternals ti Microsoft, kí ẹ ṣí cmd, fèrèsé tí a ń kọ àṣẹ sí, pẹ̀lú agbára admin, kí ẹ sì kọ `psexec -i -s cmd`. Fèrèsé tó máa ṣí jẹ́ ti SYSTEM, orúkọ ìwọlé tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò. Orúkọ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ máa ń fi ṣiṣẹ́.
2. Láti inú rẹ̀ ni kí ẹ ti fi sọ́fúwíà náà sí i. Bí MSI bá ni, ẹ fi `start /wait` síwájú àṣẹ náà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, cmd kò ní dúró dè é.
3. Ẹ kọ `echo %errorlevel%`, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tó jáde.
4. Ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ lásán tí kò ní agbára admin. Ṣé sọ́fúwíà náà ṣí? Ṣé ó ń béèrè nǹkan kan?
5. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ní ìdákẹ́jẹ́ náà. Fún MSI, `msiexec /x` pẹ̀lú product code (àmì ìdánimọ̀) rẹ̀ àti `/qn`.
6. Ẹ fi ẹ̀dà àtijọ́ sí i, kí ẹ wá gbé tuntun lé e lórí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà yín ní ẹ̀dà àtijọ́ lórí tẹ́lẹ̀, òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Àwọn nọ́ńbà tí ẹ máa rí:

- 0: ó ti wọlé.
- 3010: ó ti wọlé, àmọ́ kọ̀ǹpútà ní láti pa kó sì tún tàn. Àṣeyọrí ni. Ẹ sọ fún irinṣẹ́ yín pé àṣeyọrí ni.
- 1641: ó ti wọlé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún kọ̀ǹpútà tàn fúnra rẹ̀.
- 1618: ìfisórí mìíràn ń lọ lọ́wọ́. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tún gbìyànjú.
- 1603: ó kùnà. Nọ́ńbà yìí kò sọ ìdí. Ẹ fi `/l*v` àti orúkọ fáìlì kan kún àṣẹ náà, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ wá “Return value 3” nínú fáìlì náà. Ìlà díẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló máa ń tú àṣírí.

Nípa `/norestart`: nígbà kan, mo gbàgbé rẹ̀ nínú àṣẹ kan tí mo fi ránṣẹ́ ní aago mọ́kànlá àárọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ́kàndínlógún pa lójú àwọn tó ń lò wọ́n. Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìṣirò owó, tí ìṣirò oṣù kan wà lójú rẹ̀ tí kò tíì tọ́jú, kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó jàre mi.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà dé orí kọ̀ǹpútà

Ẹ padà sí ìlà kẹrin tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 1. Òun ló máa yan ọ̀nà fún yín.

Gbogbo kọ̀ǹpútà wà nínú ọ́fíìsì, Windows sì ni wọ́n, nínú domain kan. PDQ Deploy rọrùn gan-an níbí. Láti orí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń gbé fáìlì gba nẹ́tíwọ̀kì lọ sí fódà `ADMIN$` ti kọ̀ǹpútà kejì, lórí pọ́ọ̀tù 445. Ẹ sì ń rí àbájáde lójú ẹsẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kọ̀ǹpútà tó wà nílé láìsí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ sínú nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì), tàbí èyí tí wọ́n pa, kò rí i rárá.

Domain wà, owó kò sí. Group Policy lè gbé MSI, MSI nìkan sì ni. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tàn ló máa ń fi í sórí, nígbà mìíràn ó di ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n bá tàn án. Kì í fún yín ní ìròyìn kankan nípa ẹni tó gbà á àti ẹni tí kò gbà á. Ohun tó ń fa ọ̀pọ̀ ìkùnà rẹ̀ nìyí: fódà tí MSI wà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún Domain Computers láti kà. Bí ẹ bá ṣí i fún àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, kò tó, torí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń lọ mú un kí ẹnikẹ́ni tó wọlé.

Láptọ́ọ̀pù pọ̀, wọn kì í sì í dúró lójú kan. Ẹ lo irinṣẹ́ tó ní aṣojú, ìyẹn sọ́fúwíà kékeré tó ń gbé orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó sì ń ké sí ilé láti ibikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Action1, NinjaOne àti PDQ Connect ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tactical RMM àti MeshCentral wà fún ẹni tó fẹ́ gbé sáfà rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé ìtọ́jú sáfà yẹn ti di iṣẹ́ yín náà nìyẹn.

Ẹ ti ń sanwó Microsoft 365. Ẹ yẹ láísẹ́ǹsì yín wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Intune wà nínú àwọn kan, bíi Business Premium, mo sì ti bá iléeṣẹ́ tó ń sanwó irinṣẹ́ mìíràn pàdé nígbà tí Intune wọn sùn sílẹ̀ láìlò. Ẹ ní láti fi Win32 Content Prep Tool sọ EXE di fáìlì `.intunewin`, kí ẹ sì kọ bí Intune ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé. Bí ẹ bá kọ ìyẹn ṣì, á máa fi sọ́fúwíà kan náà sórí kọ̀ǹpútà lemọ́lemọ́. Ẹ ní sùúrù fún un pẹ̀lú. Intune kì í ṣe irinṣẹ́ “ní ìsinsìnyí”. Iṣẹ́ tí ẹ gbé sílẹ̀ lè pẹ́ wákàtí díẹ̀ kó tó dé.

Mac. Jamf Pro, Mosyle, tàbí Munki tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún Jamf, Mosyle tàbí Intune, ẹ máa nílò ìwé ẹ̀rí Apple tí a ń tún ṣe lọ́dọọdún. Apple Account (tí wọ́n ń pè ní Apple ID tẹ́lẹ̀) tí ẹ fi gbà á ní àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi tún un ṣe. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ òṣìṣẹ́ kan gbà á. Bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹ sì lọ gba ìwé ẹ̀rí tuntun pẹ̀lú orúkọ mìíràn, gbogbo Mac yín ni ẹ máa tún fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Linux, tàbí àdàlù. Ansible kì í fi aṣojú sórí kọ̀ǹpútà. SSH ló ń gbà lọ sí Linux àti Mac, WinRM ló sábà ń gbà lọ sí Windows. Orí Linux tàbí Mac ni ẹ ti máa darí rẹ̀; lórí Windows, àfi kí ẹ lo WSL, ìyẹn Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa kọ̀wé àṣẹ. Bí ẹlòmíràn bá máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́la, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀ bákan náà.

Kọ̀ǹpútà kò tó mẹ́wàá. Ẹ má ra nǹkan kan. winget, irinṣẹ́ ìfisórí ti Windows fúnra rẹ̀, ti tó. Ẹ kọ `winget install --id Mozilla.Firefox -e --silent` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú fáìlì kan, kí ẹ sì máa ṣí i lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Chocolatey náà ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ kí Task Scheduler máa ṣe é ní orúkọ SYSTEM, ẹ mọ̀ pé SYSTEM kì í dá `winget` lásán mọ̀, àfi kí ẹ kọ àdírẹ́sì fódà rẹ̀ ní kíkún.

WSUS ńkọ́? Ìmúdójúìwọ̀n Microsoft ló wà fún, Microsoft sì ti kéde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 pé wọn kò ní fi ohun tuntun kún un mọ́. Ẹni tó ń lò ó lè máa lò ó lọ. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ dán an wò níbi tó ti máa kùnà

Irinṣẹ́ tó ń polówó ara rẹ̀ máa ń fi kọ̀ǹpútà tuntun tí kò ní wàhálà hàn yín. Ẹ lo àkókò ìdánwò ọ̀fẹ́ tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ sì yan kọ̀ǹpútà márùn-ún tó burú jù:

- ọ̀kan tí wọ́n pa
- ọ̀kan tó wà nílé òṣìṣẹ́, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń fà
- ọ̀kan tí díìsìkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún
- ọ̀kan tí sọ́fúwíà náà ti ṣí sílẹ̀ tí ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́
- ọ̀kan tí ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ sórí rẹ̀

Ẹ fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí máràárún. Ẹ tan èyí tí wọ́n pa ní ọjọ́ kejì: ṣé irinṣẹ́ rántí rẹ̀, àbí ó ti gbàgbé? Ní ti àwọn tó kùnà, ṣé ó sọ ìdí fún yín, àbí àmì pupa lásán ló fi sílẹ̀? Fún èmi, irinṣẹ́ tó bá sọ ìdí ìkùnà kedere ti borí èyí tí ojú rẹ̀ rẹwà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó béèrè iye owó, bóyá kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kà tàbí ẹni tó ń darí, àti bí ẹ ṣe máa yọ aṣojú wọn kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti ilẹ̀kùn kí ẹ tó kó ẹrù wọlé

Irinṣẹ́ yìí lè fi ohunkóhun sórí gbogbo kọ̀ǹpútà yín láìbéèrè. Ẹni tó bá jí i gbà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn ọ̀daràn REvil gba inú Kaseya VSA, irinṣẹ́ irú èyí gan-an, ti fáìlì àwọn oníbàárà pa láti gbowó lọ́wọ́ wọn. Kaseya fúnra rẹ̀ fojú bù ú pé iléeṣẹ́ 800 sí 1,500 ló fara gbá a. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ihò ńlá kan tún yọ nínú ScreenConnect, irinṣẹ́ ìwòran láti òkèèrè, tó ń jẹ́ kí àjèjì wọlé láìní pásíwọ́ọ̀dù. Ojú làlákàn fi ń ṣọ́rí.

- Ìjẹ́rìísí onípele méjì fún gbogbo ẹni tó ń darí irinṣẹ́ náà. Ẹ má yọ ọ̀gá sílẹ̀.
- Orúkọ ìwọlé kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. “admin” tí èèyàn mẹ́rin ń pín lò kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ṣe kí ni.
- Pásíwọ́ọ̀dù admin tó yàtọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2023 ni Windows LAPS ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀ fún èyí.
- Ẹ má ṣí pọ́ọ̀tù 3389, ọ̀nà tí Remote Desktop ń gbà, sí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí “fún ọ̀sẹ̀ yìí nìkan” níbẹ̀.
- Ẹ dí irinṣẹ́ ìwòran tí ẹ kò lò. Bí AnyDesk kì í bá ṣe tiyín, kò yẹ kó lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, torí àwọn gbájú-ẹ̀ náà ń lò ó.
- Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ máa ránṣẹ́ sí gbogbo wọn

1. Kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan lò ó.
2. Èèyàn márùn-ún láti ẹ̀ka márùn-ún. Ẹ yan àwọn tó máa ń ṣàròyé, torí àwọn ló máa tètè sọ fún yín.
3. Ẹ̀ka kan lódindi.
4. Àwọn yòókù, ní ìpín ìpín, kí nẹ́tíwọ̀kì má baà dákú.

Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì sáàárín ìpele kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe inú ìmúdójúìwọ̀n CrowdStrike, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ti ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024 lọ sọ́dọ̀ gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni èèyàn ní láti fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kó tó lè ṣiṣẹ́ padà. Ẹ má sì ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì.

Ẹ kọ lẹ́tà kékeré sí àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú: ohun tó ń bọ̀, ọjọ́ tó ń bọ̀, bóyá wọ́n ní láti tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹni tí wọ́n máa pè. Ìlà mẹ́rin ti tó.

## Bí kò bá ṣiṣẹ́

- Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣe é fúnra mi, àmọ́ irinṣẹ́ kò lè ṣe é. Ẹ wò ó bóyá àṣẹ yín ń pe fódà `Z:`. Ẹ̀yin lẹ ní `Z:`, SYSTEM kò ní in. Ẹ kọ àdírẹ́sì fódà náà ní kíkún, `\\safa\fodà`, tàbí kí ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ gbé fáìlì náà lọ.
- Ó sọ pé ó ti wọlé, òṣìṣẹ́ ní òun kò rí i. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú sọ́fúwíà tó ń wọ inú AppData (fódà àdáni) ẹni tó fi í sórí. SYSTEM ló fi í sórí, nítorí náà SYSTEM nìkan ló rí i. Ẹ wá ẹ̀dà tó wà fún gbogbo ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà náà.
- Antivirus ń dá aṣojú dúró. Ẹ jẹ́ kó mọ aṣojú yẹn, pẹ̀lú ìbuwọ́lù ẹni tó ṣe é. Ẹ má yọ odindi fódà kúrò nínú ìṣọ́.
- PDQ kò rí kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí tábìlì. Firewall rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà DNS tó ń sọ àdírẹ́sì orúkọ kọ̀ọ̀kan, bóyá orúkọ yẹn ṣì ń tọ́ka sí àdírẹ́sì àná.
- Kọ̀ǹpútà kan ń kùnà nígbà gbogbo. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dìde, ẹ lọ bá a níbi tó wà. Mo ti fi ọ̀sán odindi lépa ọ̀kan láti òkèèrè, nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti fa wáyà iná ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ yọ láti fi ṣájà fóònù síbẹ̀.